Ẹ fi Faransé sílẹ̀ ná! Láti Òkè-Fìà, ẹ jẹ́ ká tọ ẹmu lọ sílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíì rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Òwe àwọn àgbà nìyẹn, òótọ́ sì ni. Àmọ́ láyé tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti yí bìrí. Àwọn ọmọ wa ti dé oko bàbá ẹlòmíì tán, oko bàbá tiwọn gan-an ni wọn ò mọ̀nà rẹ̀. Ẹ máa rí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó lè ka orúkọ wáìnì Faransé mẹ́wàá sí yín létí láì mí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló yàtọ̀ láàárín ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í họrí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò la fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn èèyàn wa tówó wà lọ́wọ́ wọn, pàápàá àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, wọn kì í fi ìsinmi wọn jókòó sílé mọ́. Àwọn kan nínú wọn ń gba Faransé lọ, kì í ṣe torí kí wọ́n lè ya fọ́tò nídìí ilé gogoro Paris nìkan, wọ́n ń lọ tọ́ wáìnì wò láti abúlé kan sí èkejì ni. A ò ní kí wọ́n má lọ o. Owó wọn ni. Ohun tí a ń sọ ni pé kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ wọ mọ́tò ní Òkè-Fìà níbí, nílùú Òṣogbo, kí wọ́n lọ wo oko bàbá tiwọn náà.

Bí àwọn Faransé ṣe dọ́gbọ́n sí i

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún àwọn Faransé ní ẹ̀tọ́ wọn. Àwọn èèyàn náà gbọ́n. Lọ́dún 1855, nígbà tí ọba wọn, Napoleon Kẹta, fẹ́ ṣe ìpàtẹ ọjà ńlá ní Paris, wọ́n to àwọn wáìnì Bordeaux ní ipò-ní-ipò, bí ìgbà tí wọ́n ń to ọmọ iléèwé. Ètò náà ni wọ́n sì ń lò títí dòní. Nígbà tó di 1935, ìjọba wọn gbé àjọ kan kalẹ̀ tó ń ṣọ́ orúkọ ọtí. Wáìnì tí kò bá ti inú ilẹ̀ Champagne wá, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pè é ní Champagne níbẹ̀.

Kò tán síbẹ̀ o. Lọ́dún 1953, àwọn ará Alsace sọ ojú ọ̀nà kan ní Ọ̀nà Wáìnì. Ó gùn tó bíi kìlómítà 170, abúlé lóríṣiríṣi ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àlejò á máa yà sí, tí á máa tọ́ ọtí wò, tí á jẹun, tí á sùn, tí á sì náwó. Ní 2015, àjọ UNESCO kọ orúkọ oko wáìnì Champagne àti ti Bourgogne sínú ìwé àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ máa tọ́jú.

Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn ná. Ìwé kan náà tí wọ́n kọ orúkọ Champagne sí yẹn, 2005 ni orúkọ Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ti wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko la fi ṣáájú wọn débẹ̀! Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ èrè jù nínú àwa àti àwọn? Ẹ̀yin náà ẹ dáhùn.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sọ́hùn-ún, ètò kékeré kọ́ ló máa ṣe. Láti oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sábà máa ń ká èso àjàrà wọn, ìgbà náà ni èrò máa ń pọ̀. Ó ní láti gba físà, owó fọ́ọ̀mù físà ọ̀hún sì ti di 90 yúrò fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà 2024. Bí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé, wọn kì í dá owó náà padà. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan bàlúù, ilé ìtura, rélùwéè, àti owó tí wọ́n ń gbà nídìí ìtọ́wò fúnra rẹ̀.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò. Wọ́n á bu wáìnì díẹ̀ sínú ife, wọ́n á máa yí ife náà kiri, wọ́n á ki imú bọ̀ ọ́, wọ́n á gba díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n á fi yọnu bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rún pákò tán. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tu ú dà sínú korobá! Háà! Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ọtí, kó tún tu ú dànù! Ẹ má rẹ́rìn-ín jù o, torí ọgbọ́n wà nínú ìyẹn náà, a máa padà síbẹ̀.

Ẹmu kì í báni délé

Ìdí pàtàkì wà tó fi jẹ́ pé ìrìn-àjò ẹmu gan-an ló yẹ ká máa lọ ju ti wáìnì lọ. Wáìnì á tẹ̀lé yín délé. Inú ìgò ló wà, ẹ lè rà á ní Èkó, ní Ìbàdàn, kódà ẹ lè rí i rà nínú Òṣogbo níbí. Ó lè lo ọdún mẹ́wàá kó má bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹmu kì í báni délé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, òun ló máa lọ bá a nílé rẹ̀.

Ìdí ni pé omi tó ń jáde lára ọ̀pẹ kún fún ṣúgà. Bó ṣe ń kán sínú kèrègbè báyìí ni ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti èyí tó ti wà lára kèrègbè ti ń bá a ṣiṣẹ́. Láàárín wákàtí méjì, agbára ọtí tó wà nínú rẹ̀ lè tó ìdá 4 nínú 100. Tilẹ̀ bá fi máa mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti ń kan, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ti ń sọ ọ́ di ọtí kíkan. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wa ní FIIRO l'Óṣòdì àti NIFOR nítòsí ìlú Benin ti rí ọgbọ́n dá sí i, wọ́n ń fi iná pa ìwúkàrà náà, wọ́n sì ń rọ ẹmu sínú ìgò. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mu ẹmu nídìí ọ̀pẹ rí mọ̀ pé ti inú ìgò ò lè rí bákan náà. Ohun tó wà láàyè ni ẹmu, iná sì ti pa ti inú ìgò.

Ó dáa, ẹ gbé bírò, ọjọ́ mẹ́ta la máa fi rin ìrìn náà.

Ọjọ́ kìíní: Òṣogbo

Láti Òkè-Fìà, nítòsí Ilé Ìjọba, ni kẹ́ ẹ ti gbéra. Ẹ má kánjú lọ síbi ọtí. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo Igbó Ọ̀ṣun, kẹ́ ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tó sì gbé l'Óṣogbo títí tó fi kú ní 2009. Ilé òrìṣà ni ibẹ̀ o, ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì wọ ibẹ̀ bí ẹni ń lọ sí páátì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n bá yín sọ̀rọ̀ Mbari Mbayo. Ọ̀pọ̀ ọmọ Òṣogbo ni ò mọ̀ pé ilé ọtí ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Olóògbé Dúró Ládípọ̀ ló ni ín, Popular Bar ló ń jẹ́. Nígbà tó di 1962, òun àti Ulli Beier sọ ilé ọtí náà di ilé àṣà, ibẹ̀ ni eré tó mú orúkọ Òṣogbo dé òkè òkun ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò sí ohun gidi tó lè ti ilé ọtí jáde, ẹ ní kó wá sí Òṣogbo.

Bílẹ̀ bá ṣú, ẹ lọ jókòó nídìí ẹlẹ́mu kan nínú ìlú, kẹ́ ẹ mu ife kan, ẹyọ kan péré. Ẹmu tó wá láti oko nínú kẹ́ẹ̀gì ni, ó ti rìn, oòrùn ti pa á, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti bomi là á. Ẹ fi adùn rẹ̀ sọ́kàn dáadáa. Òun lẹ máa fi díwọ̀n ohun tẹ́ ẹ bá rí lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ ẹ bá sì rí ẹni tó ṣì ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹ tọ́ ọ wò. Àwọn ọlọ́ṣun mọ ọtí yìí dáadáa.

Ọjọ́ kejì: Iléṣà àti àwọn abúlé rẹ̀

Ẹ tètè jí o! Adẹ́mu kì í dúró de ẹni tó ń sùn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń gun ọ̀pẹ, ti àárọ̀ ló sì dáa kẹ́ ẹ bá. Láti Òṣogbo sí Iléṣà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ já wọ abúlé kan láìjẹ́ pé ẹ mọ ẹnì kan níbẹ̀. Ẹ wá ọmọ bíbí àdúgbò tó máa mú yín lọ kí baálẹ̀, tó máa sọ fún adẹ́mu ṣáájú pé àlejò ń bọ̀. Ìjẹ̀ṣà fẹ́ràn àlejò, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ràn ẹni tí kò mọ ìkíni.

Ẹ wo bí bàbá náà ṣe máa fi igbà há ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ. Okùn yẹn nìkan ló wà láàárín òun àti ilẹ̀. Á máa ju igbà náà sókè díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ á máa tẹ̀lé e, títí á fi dé ibi tí ìtànná ọ̀pẹ wà. Á fi ọ̀bẹ mímú gé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á gbé kèrègbè tó ti kún sọ̀ kalẹ̀, á fi òfìfo rọ́pò. Bí ó bá gé e jù, ó ti ba ibẹ̀ jẹ́. Bí kò bá gé e tó, omi ò ní kán dáadáa. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọjọ́ kan kọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sí àbàtà, níbi tí igi ògùrọ̀ wà. Ògùrọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀pẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń tanná láyé rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn, ó kú nìyẹn. Nítorí náà, gbogbo ife ògùrọ̀ tẹ́ ẹ bá mu, igi kan ń lọ fún un ni. Bí ẹnì kan ò bá gbin òmíràn, tí àwọn onílé sì ń da yẹ̀pẹ̀ sí àbàtà kí wọ́n lè kọ́lé, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ní ọ̀sán, ẹ jẹ iyán. Ẹni tó dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí kò jẹ iyán, ṣé ó débẹ̀ ni? Ẹ tún béèrè àgàdàgídí, ọtí tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà ṣe. Kì í ṣe gbogbo ibi lẹ ti máa rí i mọ́.

Iléṣà fúnra rẹ̀ ní ìtàn ọtí tirẹ̀. Olóògbé Lawrence Ọmọlé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ló dá iléeṣẹ́ International Breweries sílẹ̀ nílùú náà. Lọ́dún 1978 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà, Trophy tẹ́ ẹ̀ ń mu káàkiri yẹn, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú kan náà ni Òkè-Ooye wà, níbi tí ìsọjí ńlá Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ṣẹlẹ̀ ní 1930, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì tibẹ̀ kẹ̀yìn sí ọtí pátápátá. Ìlú kan ṣoṣo ló gba méjèèjì. Nítorí náà, bí ẹnì kan nínú yín bá jẹ́ ẹlẹ́sìn tí kì í mu, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà lè wo adẹ́mu, kó jẹ iyán, kó gbádùn ara rẹ̀. Ẹ má sì tan án jẹ pé ẹmu àárọ̀ ò ní ọtí nínú. Ó ní!

Ẹ rántí san owó yín kẹ́ ẹ tó kúrò. Ẹ má gbàgbé pé ilẹ̀ Òṣómàáló lẹ wà. Àwọn tó fi gbèsè ta aṣọ fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń lóṣòó dìgbà tí wọ́n bá gba owó wọn, ṣé àwọn lẹ fẹ́ jẹ lówó ẹmu?

Ọjọ́ kẹta: Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tàbí Ìmẹ̀sí-Ilé

Ọjọ́ yìí, ọjọ́ ìsinmi ẹnu ni. Ẹ gba ọ̀nà Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ yà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń dà látorí àpáta, ìpele méje ni wọ́n ní ó jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún, kó má tíì fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí òkúta yẹn ń yọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn lè gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ dípò, níbi tí wọ́n ti ja ogun Kírìjì. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Òkè-Ìmẹ̀sí wà, ìlú tí wọ́n ti bí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀gá eléré tó gbé eré Ọ̀mùtí jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1963. A máa sọ̀rọ̀ eré náà láìpẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ẹmu wò

Ẹ wò ó ná. Ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ máa ń funfun bí omi ògì, á máa hó, ìfófò á wà lójú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí kòkòrò tó bọ́ sí i já yín láyà, oyin àti kòkòrò ò kúkú ń lọ síbi tí kò sí adùn. Èyí tó dùn jù tí kò hó rárá, ẹ fura sí i, ó lè jẹ́ omi àti ṣúgà ló pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ahá mu ún, ẹ má fi ike mu ún. Ẹ mu ti àárọ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé èyí tó kù sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún mu díẹ̀ lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ tún mu díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kèrègbè kan náà, ọtí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ẹ fi ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ lè dá wọn mọ̀ lójú dídì. Ìwé kékeré kan ni kẹ́ ẹ mú dání, kẹ́ ẹ kọ orúkọ abúlé, aago tí wọ́n gbé e sọ̀, àti bó ṣe rí lẹ́nu. Bí àwọn Faransé ṣe bẹ̀rẹ̀ ò jù báyìí náà lọ.

Ìgbà tó dáa jù ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Òjò kì í jẹ́ kí ọ̀nà oko ṣeé rìn, omi rẹ̀ a máa wọ kèrègbè, ó sì ń mú kí ara ọ̀pẹ máa yọ̀ fún ẹni tó ń gùn ún.

Ẹ ṣọ́ra o

Ibi tá a ti fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ korobá nìyí. Ìdí tí àwọn Faransé fi ń tu wáìnì dànù ni pé ẹni tó fẹ́ tọ́ oríṣi ogún wò lóòjọ́, bó bá gbé gbogbo rẹ̀ mì, kò ní mọ èwo ló dùn mọ́, kò sì ní lè wa mọ́tò. Ẹ̀yin náà, bẹ́ ò bá lè tu ú, ẹ mu ún níwọ̀n. Ẹni tó ń wa mọ́tò kò gbọ́dọ̀ mu ún rárá. Ẹ gba dírẹ́bà tí kì í mutí, tàbí kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ èrò. Alábòyún àti ọmọdé ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ ṣọ́ra fún ògógóró tẹ́ ò mọ ẹni tó sè é. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlé, ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn èèyàn ṣàdédé ń kú, àwọn míì ojú wọn ń fọ́. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò tán, májèlé kan tí wọ́n ń pè ní mẹ́tánọ́ọ̀lù ni wọ́n rí, inú ọtí ìbílẹ̀ ló sì ti wá. Kò ní àmì tójú lè rí, imú ò sì lè fi gbogbo ìgbà dá a mọ̀.

Àwọn bàbá wa ti kìlọ̀ tipẹ́. Ṣebí ẹmu ló mú kí Ọbàtálá sùn lọ nígbà tí Olódùmarè rán an wá dá ilé ayé ní Ifẹ̀, tí Odùduwà fi gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ? Títí dòní, àwọn ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu. Ògún náà, ẹmu ló yà wá mu ní Ìrè-Èkìtì, ẹ sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá kèrègbè lófìfo. Bí òrìṣà bá lè ṣi ẹmu mu, kí la fẹ́ sọ nípa akọ̀wé ìjọba?

Adẹ́mu dà?

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí gbogbo èyí la fẹ́ fi parí. Lọ́dún 1952, Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, The Palm-Wine Drinkard. Òun náà ni Ògúnmọ́lá sọ di eré Ọ̀mùtí. Lọ́dún kejì, 1953, Raymond Queneau ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: ìtàn ẹmu wa ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníwáìnì láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn! Ìtàn ọmùtí kan ni, tí adẹ́mu rẹ̀ ń dá 150 kèrègbè fún láàárọ̀, 75 nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, adẹ́mu já bọ́ látorí ọ̀pẹ, ó kú. Kò sí ẹlòmíì tó lè dá ẹmu bíi tirẹ̀. Gbogbo ọ̀rẹ́ tó ń wá bá ọmùtí náà mu fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, òun fúnra rẹ̀ sì gbéra, ó wá adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú àwọn òkú.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé ìtàn lásán lẹ rò pé ìyẹn ni? Ẹ wo orí àwọn tó ń gun ọ̀pẹ lónìí, ewú ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ti di ọlọ́kadà, wọ́n ti lọ sí Èkó, wọ́n ti wọ poli, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn wí, torí iṣẹ́ tí èèyàn lè já bọ́ kú nídìí rẹ̀, tí wọ́n á tún máa ná ẹmu rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, ta ló fẹ́ kí ọmọ òun ṣe é? Ní Faransé, ẹni tó ń ṣe wáìnì, ẹni iyì ni, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ìgò. Adẹ́mu tiwa ńkọ́, ta ló mọ orúkọ rẹ̀?

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má ná an ní àná-jù. Ẹ béèrè orúkọ bàbá náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín ṣáájú orúkọ ẹmu. Ẹ san owó tó tó èèyàn jẹun, kí ọmọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí i pé owó wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níjọba ìbílẹ̀, pátákó kékeré tó ń júwe ọ̀nà abúlé ẹlẹ́mu ò lè wọ́n ju pátákó ìpolongo ìbò lọ. Ìlú tí ọmùtí Tutùọlá ti lọ wá adẹ́mu tirẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Tiwa ṣì wà lórí ọ̀pẹ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni láti Òkè-Fìà. Ẹ tètè lọ kí i.